Kí Ni Ó Ń So Orílẹ̀-èdè Aládùúgbò Pọ̀?

Ìbéèrè tí ètò yìí gbé kalẹ̀ fún àròjinlẹ̀ ni èyí: kí ni ó lè mú kí orílẹ̀-èdè tí ó ní ìjọba tirẹ̀, tí ó ní àsíá tirẹ̀, tí ó sì ní ọmọ ogun tirẹ̀, gbà láti fi díẹ̀ nínú àṣẹ rẹ̀ sílẹ̀ fún àjọ tí òun àti àwọn aládùúgbò rẹ̀ jọ dá sílẹ̀? Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọba méjì kì í gbé ààfin kan. Síbẹ̀, láti nǹkan bí ọdún 1950, ọ̀pọ̀ ìjọba ni ó ti gbà kí àjọ kan máa pàṣẹ fún wọn lórí ọ̀rọ̀ òwò, ọ̀rọ̀ owó, tàbí ọ̀rọ̀ ẹjọ́. Àwọn kan ṣe é, ó dúró. Àwọn mìíràn ṣe é, ó mì. Àwọn onímọ̀ ètò ìṣèlú ti gbìyànjú láti ṣàlàyé ohun tí ó fa èyí. Irú àlàyé bẹ́ẹ̀ ni à ń pè ní tíọ́rì. Iṣẹ́ tíọ́rì kì í ṣe láti sọ àsọtẹ́lẹ̀ ọjọ́ ọ̀la. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti fi okùnfà nǹkan hàn, kí a lè mọ ibi tí ó yẹ kí a wò nígbà tí ètò bá ń lọ déédéé, àti nígbà tí ó bá dàrú.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí ilẹ̀ Yorùbá rárá. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1889, àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn Faransé fọwọ́ sí ìwé àdéhùn kan tí ó fa ààlà gba àárín ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Yorùbá kọjá. Kétu bọ́ sọ́wọ́ Faransé. Ìmẹ̀kọ, tí ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìlú Kétu, bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀jọ̀gbọ́n A. I. Asíwájú fi ìwé kan tí ó jáde ní ọdún 1976 ṣàlàyé bí àwọn ará ibẹ̀ ṣe gbé lábẹ́ ìjọba méjèèjì náà. Èdè kan ni wọ́n ń sọ, òrìṣà kan náà ni wọ́n ń bọ, ọjà kan náà ni wọ́n ń ná, ṣùgbọ́n oníbodè wà láàárín wọn. Fún irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀, ìdàpọ̀ orílẹ̀-èdè kì í ṣe ọ̀rọ̀ inú ìwé lásán. Òun ni ó ń sọ bóyá ẹni tí ó ń lọ kí ìyá rẹ̀ ní ìlú kejì yóò kọjá ní wọ́ọ́rọ́wọ́, tàbí yóò di arúfin lójú ọ̀nà.

Àlàyé àkọ́kọ́ ni àlàyé ìbẹ̀rù. William Riker, onímọ̀ ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, kọ ọ́ ní ọdún 1964 pé àwọn olórí kì í pa àṣẹ wọn pọ̀ láti dá ìjọba àpapọ̀ sílẹ̀ àfi bí ewu ogun bá ń bọ̀ láti ìta, tàbí bí wọ́n bá fẹ́ kó agbára jọ láti dojú kọ ẹlòmíràn. Ẹni tí ó bá mọ ìtàn ogun Kírìjì kò ní í jiyàn pé òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọdún 1878, àwọn ìlú Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà àti àwọn mìíràn para pọ̀ láti kojú Ìbàdàn, wọ́n sì pe ara wọn ní Èkìtì Parapọ̀. Àwọn ìlú tí olúkúlùkù wọn ní ọba tirẹ̀ gbà kí Ògèdèǹgbé ará Iléṣà ṣe aṣáájú wọn lójú ogun. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà ní ọdún 1886, tí òmìnira wọn fìdí múlẹ̀, wọn kò di ìjọba kan ṣoṣo. Olúkúlùkù ọba wà láàfin rẹ̀. Ìbẹ̀rù ni ó fún okùn náà le; nígbà tí ìbẹ̀rù lọ, okùn dẹ̀.

Ohun tí ó jọ èyí ṣẹlẹ̀ ní Yúróòpù. Ní ọdún 1941, Altiero Spinelli àti Ernesto Rossi, tí ìjọba Mussolini há mọ́ erékùṣù Ventotene, kọ ìwé kan pé kò sí ohun tí ó lè gba Yúróòpù lọ́wọ́ ogun àfi kí gbogbo wọn di ìjọba àpapọ̀ kan. Ìrònú ńlá ni. Nígbà tí ogun àgbáyé kejì parí, ìbẹ̀rù Rọ́ṣíà mú kí orílẹ̀-èdè mẹ́fà fọwọ́ sí àdéhùn ní ọdún 1952 pé àwọn yóò ní ẹgbẹ́ ọmọ ogun kan ṣoṣo. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹjọ ọdún 1954, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ilẹ̀ Faransé kọ̀ ọ́. Ilẹ̀ Faransé ni ó dá àbá náà, òun náà ni ó sì sin ín. Ó hàn gbangba pé bí a bá ní kí ọba ṣí adé rẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, kò ní í ṣe é, ìbáà jẹ́ pé ẹ̀rù ń bà á.

Àlàyé kejì gba ọ̀nà mìíràn yọ. David Mitrany, tí wọ́n bí ní Romania tí ó sì ṣiṣẹ́ ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tẹ ìwé pẹlẹbẹ kan jáde ní ọdún 1943. Ó ní kí a má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti orí adé. Kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí iṣẹ́. Àìsàn kò mọ ààlà, odò kò mọ ààlà, ọkọ̀ ojú irin kò sì wúlò bí ó bá dúró sí ẹnu ibodè. Kí àwọn orílẹ̀-èdè dá àjọ sílẹ̀ fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tí ó kàn wọ́n, kí àwọn tí ó mọ iṣẹ́ náà máa ṣe é. Bí ó bá pẹ́ tí wọ́n ti ń jọ ṣiṣẹ́, wọn yóò rí i pé ogun kò bójú mu mọ́.

Èrò tí ó sún mọ́ èyí ni Jean Monnet fi ṣiṣẹ́. Láti ọdún 1870 sí 1945, ilẹ̀ Faransé àti Jámánì ti bá ara wọn jagun nígbà mẹ́ta. Èédú inú ilẹ̀ àti irin ni wọ́n fi ń rọ àwọn ohun ìjà wọn. Ní ọjọ́ 9 oṣù karùn-ún ọdún 1950, Robert Schuman, mínísítà ọ̀rọ̀ òkèèrè ilẹ̀ Faransé, kéde àbá tí Monnet àti àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ kọ: kí èédú àti irin orílẹ̀-èdè méjèèjì bọ́ sábẹ́ àṣẹ kan ṣoṣo, kí àwọn aládùúgbò tí ó bá fẹ́ sì dara pọ̀ mọ́ wọn. Ilẹ̀ Faransé, Jámánì ti Ìwọ̀-Oòrùn, Ítálì, Belgium, Netherlands àti Luxembourg fọwọ́ sí i ní Paris ní oṣù kẹrin ọdún 1951. Ní ọdún 1957, àwọn mẹ́fà náà tún fọwọ́ sí àdéhùn Rome, èyí tí ó sọ ọjà wọn di ọ̀kan. Nígbà tí ó di oṣù keje ọdún 1968, wọn kò gba owó ibodè lórí ọjà ara wọn mọ́.

Ernst Haas, tí wọ́n bí ní Jámánì tí ó sì ń kọ́ni ní yunifásítì ní California, ni ó sọ ohun tí ó rí nínú ètò yìí di tíọ́rì, nínú ìwé tí ó gbé jáde ní ọdún 1958. A lè pe tíọ́rì rẹ̀ ní tíọ́rì àkúnwọ́sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a fi agbo ilé méjì tí wọ́n jọ gbẹ́ kànga kan ṣe àpẹẹrẹ. Kànga nìkan ni wọ́n gbèrò. Ṣùgbọ́n kànga ń fẹ́ okùn, okùn ń fẹ́ owó, owó ń fẹ́ akápò. Ó di dandan kí wọ́n mọ ẹni tí yóò máa pọn omi láàárọ̀ àti ẹni tí yóò máa pọn ọ́n nírọ̀lẹ́. Ó di dandan kí wọ́n ní ẹni tí yóò parí ìjà. Kí wọ́n tó mọ̀, kànga ti di ìgbìmọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni èédú àti irin ṣe mú ọ̀rọ̀ owó ọkọ̀ wá, tí owó ọkọ̀ mú ọ̀rọ̀ owó orí wá, tí owó orí sì mú ọ̀rọ̀ gbogbo ọjà wá.

Ṣùgbọ́n Haas kò sọ pé iṣẹ́ náà ń kún wọ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀ bí omi òjò. Ó ní àwọn ènìyàn ni ó ń tì í. Àwọn oníṣòwò, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àti ẹgbẹ́ òṣèlú tí wọ́n rí èrè nínú àjọ tuntun náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ẹ̀bẹ̀ wọn lọ síbẹ̀ dípò olú-ìlú wọn. Àwọn òṣìṣẹ́ àjọ náà pẹ̀lú yóò máa wá iṣẹ́ kún iṣẹ́. Díẹ̀díẹ̀, ọkàn àwọn ènìyàn yóò ṣí lọ sí ibi tí wọ́n ti ń rí ìrànlọ́wọ́. Kókó tíọ́rì náà nìyí, òun sì ni àwọn tí ó kà á ní kíákíá sábà máa ń gbàgbé.

Kò pẹ́ tí ìdánwò dé. Ní ọdún 1965, àjọ náà gbèrò láti ní owó tirẹ̀ lọ́wọ́, kí ó sì máa fi ìbò ọ̀pọ̀ yanjú ọ̀rọ̀. Charles de Gaulle, Ààrẹ ilẹ̀ Faransé, ní òun kò gbà. Láti oṣù keje ọdún náà, àwọn mínísítà rẹ̀ kò wá sí ìpàdé mọ́. Àga wọn ṣófo títí di oṣù kìíní ọdún 1966. Nígbà tí wọ́n padà ní Luxembourg, ohun tí ó yé gbogbo ènìyàn ni pé bí ọ̀rọ̀ bá kan ohun tí ó ká orílẹ̀-èdè kan lára gidigidi, ó ṣòro kí a tó lè fi ìbò borí rẹ̀. Ní ọdún kan náà, Stanley Hoffmann kọ ọ́ pé ìyàtọ̀ wà láàárín ọ̀rọ̀ àti ọ̀rọ̀. Bí a bá sọ ọ́ lọ́nà ti Yorùbá, ọ̀rọ̀ ọjà wà, ọ̀rọ̀ adé sì wà. Àwọn ìjọba lè jọ ṣe ọ̀rọ̀ ọjà, nítorí a lè pín èrè àti àdánù rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ adé, bí ọ̀rọ̀ ogun àti ààbò ìlú, olúkúlùkù ni yóò di tirẹ̀ mú. Haas fúnra rẹ̀ fi òótọ́ inú gbà ní ọdún 1975 pé tíọ́rì òun kò bá ìgbà mu mọ́.

Ìyàlẹ́nu ni pé ìdàpọ̀ náà tún sọjí. Ní ọdún 1986, wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn láti wó àwọn ìdènà tí ó ṣẹ́ kù láàárín ọjà wọn. Ní ọdún 1992, wọ́n ṣe àdéhùn Maastricht, èyí tí ó bí owó kan náà. Owó ẹyọ àti owó bébà rẹ̀ dé ọwọ́ ará ìlú ní ọdún 2002. Àwọn ọmọ lẹ́yìn Haas ní àkúnwọ́sílẹ̀ ni. Andrew Moravcsik kò gbà fún wọn. Nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1998, ó ní ìjọba àwọn orílẹ̀-èdè ńlá ni ó jókòó, tí wọ́n dúnàá dúrà nítorí èrè àwọn oníṣòwò wọn, tí wọ́n sì fi àṣẹ lé àjọ lọ́wọ́ kí ẹnikẹ́ni nínú wọn má baà yẹ àdéhùn. Lójú tirẹ̀, orílẹ̀-èdè ni ó ni àjọ, àjọ kọ́ ni ó ni orílẹ̀-èdè.

Àlàyé kan ṣì kù, èyí tí ó wo ará ìlú dípò ìjọba. Karl Deutsch, ọmọ bíbí ìlú Prague, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwé jáde ní ọdún 1957. Wọ́n ní ẹni tí ó bá fẹ́ mọ̀ bóyá orílẹ̀-èdè méjì ń sún mọ́ ara wọn, kí ó wo lẹ́tà tí wọ́n ń kọ sí ara wọn, ọjà tí wọ́n ń tà fún ara wọn, àti ìrìn tí wọ́n ń rìn láàárín ara wọn. Bí ìwọ̀nyí bá pọ̀, tí ìgbẹ́kẹ̀lé sì bá a rìn, ó lè di pé wọn kò tilẹ̀ ní í ronú ogun sí ara wọn mọ́, bí ìjọba wọn tilẹ̀ yàtọ̀. Ṣùgbọ́n ọkàn ará ìlú lè fà sẹ́yìn pẹ̀lú. Liesbet Hooghe àti Gary Marks kìlọ̀ ní ọdún 2009 pé bí àjọ bá ti ń wọ inú ayé àwọn ènìyàn, wọn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè pé, "Ta ni wá? Ta ni wọn?" Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹfà ọdún 2016, àwọn ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dìbò láti kúrò, ìdá méjìléláàádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún ni ó gbà bẹ́ẹ̀, ní ọjọ́ 31 oṣù kìíní ọdún 2020, wọ́n jáde nínú àjọ tí wọ́n wọ̀ ní ọdún 1973.

Wàyí o, kí ni àwọn tíọ́rì yìí lè sọ fún ẹni tí ó ń gbé ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà? Láti ìgbà pípẹ́ ni àwọn ará Ọgbọ́mọ̀ṣọ́, Ṣakí, Ìgbòho àti Ìgbẹ́tì ti ń ṣòwò káàkiri Gánà. Ọ̀pọ̀ ọmọ wọn ni ó jẹ́ pé ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia ní kí àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú kó jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ padà sí ìlú baba wọn pẹ̀lú ẹrù tí wọ́n lè gbé lórí nìkan. Bí a bá fi òṣùwọ̀n Deutsch wọ̀n ọ́n, ìrìn pọ̀, òwò pọ̀, ìgbéyàwó pọ̀. Ohun tí kò sí ni àdéhùn tí ó lè di ìjọba lọ́wọ́ mú.

Ní ọjọ́ 28 oṣù karùn-ún ọdún 1975, orílẹ̀-èdè mẹ́ẹ̀ẹ́dógún fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ECOWAS ní Èkó. Ọ̀gágun Gowon ti Nàìjíríà àti Ààrẹ Eyadéma ti Tógò ni wọ́n ṣe agbátẹrù rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adébáyọ̀ Adédèjì, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, tí ó jẹ́ kọmíṣánnà fún ètò ọrọ̀ ajé nígbà náà, kó ipa pàtàkì nínú iṣẹ́ náà. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1979, wọ́n tún gbà ní Dakar pé ọmọ orílẹ̀-èdè kan lè wọ òmíràn láìgba físà, kí ó sì lo àádọ́rùn-ún ọjọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní oṣù kìíní ọdún 1983, nígbà tí owó epo ti já wálẹ̀ tí ọdún ìdìbò sì ti dé, ìjọba Nàìjíríà ní kí àjèjì tí kò ní ìwé àṣẹ máa lọ. Ó ju mílíọ̀nù kan ènìyàn tí ó lọ, àwọn ará Gánà ni ó pọ̀ jù nínú wọn. Ohun tí ojú ará Ọgbọ́mọ̀ṣọ́ rí ní 1969 ni ojú ará Gánà wá rí ní 1983. Àdéhùn wà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọjà ti di ọ̀rọ̀ adé.

Kí ló dé tí kànga yìí kò kún wọ́ sílẹ̀ bí ti Yúróòpù? Kókó tí Haas sọ ni a ó padà sí. Àwọn tí ìdàpọ̀ náà ṣe láǹfààní jù lọ ni alájàpá, awakọ̀ àti oníṣẹ́ ọwọ́. Ilé ìgbìmọ̀ àjọ náà kò sí ní ìtòsí wọn. Nígbà tí wọ́n bá dá ẹrù wọn dúró ní Ìdìròkò tàbí ní Sèmè, ẹ̀bẹ̀ ni wọ́n ń bẹ aṣọ́bodè. Wọn kò mọ ibi tí wọ́n lè gbé ẹjọ́ náà lọ. Bẹ́ẹ̀ ni òwò láàárín àwọn ìjọba kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí wọ́n ń bá òkè òkun ṣe, nítorí kòkó, òwú àti epo rọ̀bì ni ọ̀pọ̀ wọn ń tà, aládùúgbò kò sì fi bẹ́ẹ̀ rà wọ́n.

Síbẹ̀, kì í ṣe pé ohunkóhun kò ṣẹlẹ̀. Ogun Làìbéríà mú kí àjọ náà kó ọmọ ogun ECOMOG jọ ní ọdún 1990: níbí, ọ̀rọ̀ adé ni ó ṣáájú ọ̀rọ̀ ọjà, èyí tí tíọ́rì Yúróòpù kò retí. Lẹ́yìn ìgbà tí wọ́n tún àdéhùn náà ṣe ní ọdún 1993, ilé ẹjọ́ àjọ náà fìdí múlẹ̀ ní Àbújá. Láti ọdún 2005, ẹnikẹ́ni lè pe ìjọba lẹ́jọ́ níbẹ̀ bí wọ́n bá tẹ ẹ̀tọ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2008, Hadijatou Mani, obìnrin ará Niger tí wọ́n ti tà sí oko ẹrú nígbà tí ó wà ní ọmọdé, jàre ìjọba orílẹ̀-èdè rẹ̀, ilé ẹjọ́ sì ní kí wọ́n san mílíọ̀nù mẹ́wàá owó CFA fún un. Gẹ́gẹ́ bí Haas ti wí ni èyí rí: ẹni tí kò rí ìrànlọ́wọ́ ní ilé gbé ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ lọ sí àjọ, ó sì rí i gbà.

Ìdánwò tí ó le jù tẹ̀lé e. Ní oṣù keje ọdún 2019, Nàìjíríà fọwọ́ sí àdéhùn ọjà kan ṣoṣo fún gbogbo Áfíríkà. Ní oṣù kẹjọ, ó ti ibodè orí ilẹ̀ rẹ̀, ó ní nítorí àwọn onífàyàwọ́ ìrẹsì ni. Oṣù kejìlá ọdún 2020 ni ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i. Lẹ́yìn náà, àwọn ológun gba ìjọba ní Mali, ní Burkina Faso àti ní Niger. Nígbà tí ECOWAS fi ìyà jẹ Niger ní ọdún 2023, tí ó sì ń halẹ̀ ogun, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di ẹgbẹ́ kan. Ní ọjọ́ 29 oṣù kìíní ọdún 2025, ìjáde wọn nínú àjọ náà fìdí múlẹ̀. Hoffmann ì bá ní ọ̀rọ̀ adé ni ó tún fọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó ṣẹ́ kù. Kí ọjọ́ náà tó pé, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti kéde pé ọmọ orílẹ̀-èdè ECOWAS lè máa wọlé láìgba físà. Ní ọjọ́ náà gan-an, ECOWAS ní kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣì máa gba ìwé ìrìnnà àwọn mẹ́ta náà, kí wọ́n sì máa jẹ́ kí ọjà wọn kọjá gẹ́gẹ́ bí ti tẹ́lẹ̀, títí wọn yóò fi pinnu ohun mìíràn. Àwọn olórí pínyà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó fẹ́ jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí yóò dí ọ̀nà mọ́ ará ọjà.

Ní àkótán, kò sí ọ̀kan nínú àwọn tíọ́rì yìí tí ó lè dá gbogbo ẹrù náà gbé. Ìbẹ̀rù lè bẹ̀rẹ̀ ìdàpọ̀, kò lè tọ́jú rẹ̀. Iṣẹ́ lè fà á gùn, bí àwọn tí ó ń jèrè rẹ̀ bá ní ibi tí ohùn wọn ti lè dún. Àwọn olórí lè fún un ní àṣẹ, wọ́n sì lè gbà á padà. Ní Yúróòpù, àjọ ni ó ṣáájú, tí ará ìlú tẹ̀lé. Ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ará ìlú ti ṣáájú tipẹ́tipẹ́. Àjọ ni ó ń bọ̀ lẹ́yìn. Nítorí náà, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá fẹ́ mọ bí ìdàpọ̀ ṣe ń lọ sí kò gbọdọ̀ ka iye ìpàdé tí àwọn Ààrẹ ṣe nìkan. Kí ó lọ sí ẹnu ibodè láàárọ̀ ọjọ́ ọjà, kí ó wo ìyá tí ó ru gaàrí láti Ìmẹ̀kọ lọ sí Kétu. Bí wọ́n bá dá a dúró láìnídìí, ǹjẹ́ ó mọ ibi tí ó lè mú ẹjọ́ rẹ̀ lọ? Ọjọ́ tí ó bá lè dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, ni ìdàpọ̀ tó dé.